Àdó Agbóhùnlọ

Ẹni tó bá ní ìbẹ̀rù lòun ó máa tà jẹ, kí ó rọra tà á o, nítorí ọjà náà kì í mọ ẹni tó ni ín. Ṣàfíù Ọláníyan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá, kò tíì mọ èyí lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, jáde. Lọ́dún náà, kálukú ń rajà bí ẹni pé ọjà fẹ́ tán láyé. Ẹni tí kò ní rédíò ra rédíò. Ẹni tó ní rédíò ra tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó, nítorí iná kò tíì dé àdúgbò. Típà tó ń kó iyanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé kò jẹ́ kí eruku sùn. Wọ́n tún ń ra ìwé aláwòrán kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Múṣin. Ṣàfíù ló ń ya àwòrán inú rẹ̀.

Akọni ìwé náà ń jẹ́ Akínrógun. Àmúsà ló dá a sílẹ̀, ọmọ Ìbàdàn kan tó tún ń to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé náà. Iṣẹ́ Akínrógun kò ju kí ó máa pa ìkà lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá ìkà tí yóò pa tì. Ṣàfíù bá jókòó, ó ya ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ẹ̀wù dúdú, ó fi àdó kékeré kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní Agbóhùnlọ lòun ó máa pè é. Ìkà ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Lọ́sẹ̀ kejì, kí Akínrógun bẹ́ ẹ lórí, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ìtàn tí Ṣàfíù kọ fún un ni pé odi ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, bàbá rẹ̀ sá lọ, kò sì sẹ́ni tó fún ọmọ náà lórúkọ kankan. Nígbà tó dàgbà, ó he àdó kan nídìí ìrókò, ohùn arúgbó kan sì wà nínú àdó náà. Ohùn arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ fi pe ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ìpè rẹ̀, ohùn onítọ̀hún á fi ọ̀fun sílẹ̀, á wọ inú àdó, Agbóhùnlọ á sì máa fi sọ̀rọ̀. A fi ohùn ìyàwó pe ọkọ, a fi ohùn ọmọ pe ìyá. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò lórúkọ. Ohun tí a kò lè pè, a kò lè mú.

Ọ̀rọ̀ kò tán. Àwọn òǹkàwé kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí Akínrógun má fọwọ́ kan Agbóhùnlọ. Ní Ìkọ̀tún, wọ́n ní àwọn ọmọdé kì í jẹ́ ìpè ìyá wọn mọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọjú wò ó. Ọ̀gá tó ni ìwé náà pa kítí mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí Agbóhùnlọ gba ojú ewé iwájú, kí Akínrógun sinmi díẹ̀. Àmúsà rẹ́rìn-ín níwájú ọ̀gá. Àmọ́ ẹ̀rín kò dé ikùn rẹ̀.

*

Bàbá Ọlọ́runṣògo ń gbé Ìṣẹ̀rí-Olófin, lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ kan. Nígbà tí ara ṣì gbà á, òun ni ẹgbẹ́ òṣèré kan máa ń fi ṣe oṣó lórí ìtàgé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan ní kì í ṣe eré ló ń ṣe nígbà náà. Lọ́sàn-án gangan, tí òòrùn dúró sójú kan tí adìyẹ pàápàá kò rìn, Àmúsà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ọfọ̀ tí Ṣàfíù ń kọ sínú ìwé, ẹ̀yin lẹ fún un, àbí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n tàwọn òṣèré ni mo fún un. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀."

Ìdí ni pé òṣèré kì í wí ojúlówó ọfọ̀ tán lójú agbo. Wọn á yọ ìlà tó jẹ́ egungun rẹ̀, wọn á fi ìsọkúsọ dí ojú ihò, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣẹ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni lára. Ìsọkúsọ tí Ṣàfíù fi dí tirẹ̀ ni "Ewúrẹ́ ìyá mi jẹko, ó yó." Ìlú fẹ́ràn ewúrẹ́ yìí ju Akínrógun lọ.

"Ìlà tí ewúrẹ́ jókòó lé ni mo wá gbà," Àmúsà wí. "Ó máa ń ka ìwé náà sókè nílé ẹ̀ tó bá ti jáde. Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́, Bàbá. Kò gbọdọ̀ lè fẹnu pa ìtàn fún ọ̀gá wa mọ́ láyé."

"Òun ló máa pè. Ta ló máa jẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa jẹ́. Ìwé lásán ló ń kà."

Bàbá Ọlọ́runṣògo gbé obì sẹ́nu, ó rún un. "Ẹnu Ṣàfíù nìkan ni mo so àdó yìí mọ́. Tí kò bá sẹ́ni tó jẹ́, ohùn ẹni tó pè ni àdó á gbà. Tí kò bá sẹ́ni tó jẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló wí i. Àmúsà kò gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí ojú rẹ̀ ti wà lára àdó tí bàbá náà ń fi aṣọ pupa wé.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé jáde, Sìdíkátù, ìyàwó Ṣàfíù, pe Mọ̀dínátù ọmọ wọn láti ẹ̀yìn ilé. Ohùn kan jẹ́ ẹ láti inú kànga, kí Mọ̀dínátù tó jẹ́ ẹ láti inú yàrá. Sìdíkátù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní bóyá etí òun ló ń dún. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, Ṣàfíù tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ilé yí i ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Eré tí wọ́n máa ń ṣe ni pé yóò ka ìtàn dé ibi ọfọ̀, yóò fi ọmọ kan sí ipò ẹni tí Agbóhùnlọ ń pè, ọmọ náà yóò jẹ́ ẹ, ewúrẹ́ yóò dé, gbogbo wọn yóò sì fi ẹ̀rín yí lulẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Mọ̀dínátù ló kàn. Ó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Ṣàfíù mú ohùn rẹ̀ sísàlẹ̀:

"Agbe kì í ké kí ohùn rẹ̀ má dé oko.
Àlùkò kì í ké kí ohùn rẹ̀ má dé odò.
Mọ̀dínátù, mo pè ọ́!"

"Mo ń bọ̀ o!" ni ọmọ náà fi igbe ayọ̀ dáhùn.

"Àdó ní kí ohùn rẹ dó síbẹ̀."

Ojú ló sáré ju ọgbọ́n lọ. Ó ti kà á tán kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun kọ nìyẹn. Àwọn ọmọdé ṣì ń dúró. Ewúrẹ́ kò wá. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní, "Ewúrẹ́ dà?" Mọ̀dínátù la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ké tọkàntara, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pa rọ́rọ́.

*

Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà tan iná sí i lọ́nà ọ̀fun, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àlùfáà kọ hàǹtú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ fún un mu. Ohùn kò dé. Ọmọ tí kì í sinmi ẹnu, tó máa ń bá adìyẹ jà tó sì máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, ó wá di ẹni tó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀ kó tó lè bèèrè omi. Ọkàn Ṣàfíù bàjẹ́ kọjá sísọ.

Ó mú ìwé náà, ó lọ sí Múṣin. Nídìí lẹ́tà òjé ló ti bá Àmúsà.

"Ta ló yí ìlà mi padà?"

"Èmi ni," Àmúsà dáhùn, kò gbójú sókè. "Mo rò pé àṣìṣe ni. Ewúrẹ́ kí ló ń jẹko láàárín ọfọ̀? Ṣebí ọ̀gá ní ká máa tún Yorùbá wa ṣe."

"Àmúsà, ọmọ mi ti yadi."

Ọwọ́ Àmúsà dúró lórí lẹ́tà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe ohun tó ń retí nìyẹn. Bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, nǹkan kan sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó rọra, ó jìnnà, ó dà bí ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn:

"Mo ń bọ̀ o."

Ṣàfíù fò mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ló là wọ́n. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì ní ìbànújẹ́ ọmọ ti ń da orí ọ̀gbẹ́ni yìí rú. Ọ̀gá ní kó lọ sinmi nílé ná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Akínrógun padà sí ojú ewé iwájú.

*

Ẹ má rò pé Àmúsà ń jẹ̀gbádùn. Nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkọ̀tún, àdó náà kì í dákẹ́. Tó bá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa pe Màámi. Tó bá fi sínú àpótí, á máa sunkún. Ó gbé e padà lọ sí Ìṣẹ̀rí, ó ní ohùn ọmọdé kọ́ lòun rà.

"Mo bi ọ́ ta ló máa jẹ́," Bàbá Ọlọ́runṣògo wí. "Ọjà mi kì í padà sígbá. Ẹni tó gbé àdó ni Agbóhùnlọ. Kí o máa ṣọ́ etí ẹ. Tẹ́nìkan bá pè ọ́ pẹ̀lú oògùn lẹ́nu, tí o jẹ́ ẹ, ó parí."

Láti ọjọ́ náà, Àmúsà kò jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á pè é níbi iṣẹ́, á dákẹ́ títí wọn á fi wá fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀wù dúdú nìkan ló kù kó wọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń pèrun Màgàríbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé Ẹ̀gbẹ́dá láìbi í léèrè. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà ilé Ṣàfíù. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni, tàbí bóyá kò fẹ́, òun náà kò mọ̀. Ó la ẹnu rẹ̀.

"Màámi!" ni ohùn Mọ̀dínátù pè láti ẹnu rẹ̀.

Nínú ilé, Sìdíkátù ju igbá ìpọnmi sílẹ̀, ó dìde fùú, ó ti la ẹnu láti dáhùn. Ṣàfíù fò láti orí ẹní ìkírun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu. Obìnrin náà ń jà, ó ń bu ọwọ́ ọkọ rẹ̀ jẹ.

"Mọ̀dínátù rèé níwájú ẹ," Ṣàfíù sọ sí i létí. "Wò ó. Má jẹ́ ẹ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ ẹ!"

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níta. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni náà fi jìnnà kúrò lẹ́yìn ọgbà, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lọ́wọ́ Ṣàfíù.

"Bàbá Mọ̀dínátù," ni Sìdíkátù wí, "ẹ̀yin lẹ dá nǹkan yìí sílẹ̀. Ẹ lọ gba ohùn ọmọ mi wá."

*

"Ọwọ́ yín náà ni Àmúsà ti ra àdó yẹn," Ṣàfíù wí fún Bàbá Ọlọ́runṣògo. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹni tó bá wá ni mo ń dá lóhùn. Ìwọ náà ti wá." Bàbá náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú òòrùn. "Ìwọ lo kọ ọ́ pé Agbóhùnlọ ò lórúkọ. Òun ló jẹ́ kó nira. Wá ohun tí wàá fi pè é, kó sì jẹ́ ọ."

"Àwọn ará iṣẹ́ ní kì í jẹ́ orúkọ ẹ̀ mọ́. Wọ́n á pe Àmúsà títí."

"Ta ló ń sọ orúkọ? Oríkì ńkọ́? Ọkùnrin lè di etí sí orúkọ. Oríkì tí ìyá fi ń ki ọmọ lórí ọyàn, ara ló ń jẹ́ ẹ kí ẹnu tó mọ̀. Ẹni tó ń kì í gan-an ni kí ó pè é, kí oògùn mi sì wà lẹ́nu ẹ̀." Ó fa ìgò oògùn lílọ̀ dúdú kan jáde, ó gbé e sí ètè bí ẹni fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ó yá, kí lo fẹ́ kí n rán an?"

"Kí ohùn wọ ẹnu ọmọ mi."

Bàbá náà wò ó lójú. "Ohùn, o wí?"

"Ohùn, Bàbá! Ẹ ṣe kíá jàre."

Bàbá Ọlọ́runṣògo gbé èjìká. Ó wí i sínú ìgò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ó sì dé e.

*

Ìyá Àmúsà ń gbé Bárùwá. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá. Ṣàfíù mú àádùn lọ fún un, ó ní ibi iṣẹ́ kan náà lòun àti ọmọ wọn. Oògùn dúdú náà ti wà nínú àádùn. Ìyá náà gbà á tìdùnnútìdùnnú, ó ń jẹ ẹ́, ó ń ṣàdúrà fún un. Ní gbogbo àdúrà náà, Ṣàfíù kò lè ṣe àmín kan tó dún.

"Ìyá, oríkì wo lẹ fi ń ki Àmúsà?"

"Àlàó ni. Àlàó mi!" Ojú arúgbó náà tàn. "Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí mo bá ti kì í, ìbáà wà lórí igi, á sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, kí ni Èkó fi ṣe é? Gbogbo Jímọ̀ ló ń wá kí mi, kì í jẹ́ mi lóhùn mọ́. Ọwọ́ ló fi ń kàn mí léjìká. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo sì fi ń rí i."

Ṣàfíù fẹ́ gba àádùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ló fẹ́ gbà á, ó ti nawọ́. Ló bá rántí ọmọ rẹ̀ níbi tó ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n kírun tán tí ẹsẹ̀ dún lágbàálá. Ṣàfíù bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Arúgbó náà gbé orí sókè.

"Àlàó? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ẹsẹ̀ náà dúró. Kò sí ìdáhùn.

"Àlàó, ìyá ẹ ló ń pè ọ́. Má fi ọwọ́ kàn mí lónìí. Dá mi lóhùn, Àlàó, Àlàó mi!"

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, Ṣàfíù rí i bí ara ọkùnrin náà ṣe rọ̀. Ó fọwọ́ di ẹnu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà lọ́nà kí ọwọ́ tó débẹ̀.

"Hòò, Màámi."

Nǹkan kan fọ́ nínú àpò rẹ̀, ó dún bí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n fọ́ lórí òkúta. Àmúsà di ọ̀fun mú, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé.

"Ó jẹ́ mi!" Ìyá náà ń pàtẹ́wọ́, àádùn ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó jẹ́ mi! Àlàó, tún wí... Àlàó?"

Ṣàfíù gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kò wo ẹ̀yìn.

*

Láti Bárùwá dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń rìn, ó ń sáré. Ní ẹnu ọ̀nà ilé, ó bá Sìdíkátù lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tó fi gèlè di ẹnu. Kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Mọ̀dínátù sáré jáde láti inú ilé, ayọ̀ kún ojú rẹ̀, ó ń na ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá mi! Ẹ káàbọ̀! Mo ti ń sọ̀rọ̀!"

Ohùn ọkùnrin ni. Ohùn Àmúsà ni, tó nípọn, tó há díẹ̀ ní ìdí imú gẹ́gẹ́ bí tàwọn ará Ìbàdàn. Ìgbà yẹn ni Ṣàfíù gbọ́ ìbéèrè bàbá Ìṣẹ̀rí gan-an. Ohùn ló wí. Kò wí pé ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ju ìmí lọ. Ibi tí ohùn ọmọ náà gan-an gbà lọ nígbà tí àdó fọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ dòní.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi rìn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìpàjà, wọ́n ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà Ìgándò, pé ọmọbìnrin kan wà tó ń fi ohùn àgbà ọkùnrin kéwú. Nígbà tó yá, ará ilé kan fa ìyá Àmúsà lọ́wọ́ wá. Kò bínú. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé àádùn ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Àmúsà ti ya odi, kò sì wá sí Bárùwá mọ́, nítorí kò mọ ohun tí òun lè fi kí afọ́jú tí kò lè rí òun. Wọ́n kàn sọ fún arúgbó náà pé ohùn kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tó jọ ti ọmọ rẹ̀.

Wọ́n fi í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìdíkátù ti ọmọ rẹ̀ síwájú, nítorí àánú ṣe é.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Mọ̀dínátù wí.

Arúgbó náà bú sẹ́kún. Ó wá ọwọ́ ọmọ náà kiri títí ó fi bà á, ó dì í mú, kò fiyè sí bí ọwọ́ náà ṣe kéré tó.

"Kí lo jẹ lónìí? Ta lo lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ìyá, Mọ̀dínátù ni mò ń jẹ́."

"O ti tún dé pẹ̀lú àwàdà ẹ," arúgbó náà ń rẹ́rìn-ín láàárín omijé. "Àlàó. Àlàó mi."

Ṣàfíù dìde láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má jẹ́ ẹ. Kò tíì la ẹnu tí ara Mọ̀dínátù fi rọ̀, tó tẹ orí lé itan arúgbó náà.

"Hòò, Màámi," ló dáhùn.